Etí Òkun Tí Wọn Ò Ti Mọ̀ Wá

Ọdún tí ogun Bìáfúrà parí ni èmi àti ọkọ mi kọ́kọ́ sá fún Kérésì. Sísá ni o, bó ti wù kí ọkọ mi máa pè é ní họlidé. Tíṣà ni ní Òkìtìpupa, èmi ń ránṣọ. A ti fẹ́ra wa tipẹ́, kò sí ọmọ. Tí Kérésì bá ti ń bọ̀, ẹbí á rọ́ dé láti Òde-Ìrèlè, wọ́n á to ọmọ síwájú ẹ̀rọ mi kí n wọn aṣọ ọdún fún wọn, wọ́n á sì máa yọ́ ikùn mi wò. Àwọn ìyàwó tó wọlé lẹ́yìn mi ti di ìyá lágbájá, ìyá tàmẹ̀dù. Èmi, "ìyàwó" ni wọ́n ṣì ń pè mí, bí ẹni tí wọ́n gbé wọlé lánàá. Inú a máa bí mi débi pé màá fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lọ́wọ́.

Ọkọ mi ní ká lọ sí Ayétòrò, ó ní iná mànàmáná wà níbẹ̀, ó wu òun láti rí i. Mo ní ẹ gbà mí o! Ibi tí gbogbo ayé ń lọ wòran, ṣé ibẹ̀ la máa sá pamọ́ sí? Ó dárúkọ Igbókòdá. Mo ní lọ́jọ́ ọjà, ìdajì Òkìtìpupa ló ń wà ní Igbókòdá. Ó dárúkọ Àràrọ̀mí tó wà létí òkun. Mo rán an létí pé àbúrò ìyá rẹ̀ lọ́kọ síbẹ̀, obìnrin yẹn kì í sì í pa ẹnu mọ́ kódà tí oúnjẹ bá wà nínú ẹ̀. Ni mo bá gbaná jẹ, mo ní ibi tí ọmọdé kankan ò ti ní ké sí mi létí ni mò ń wá, kó mú ibi tó bá wù ú. Ó ní, "Èmi náà, ibẹ̀ ni mò ń wá." Ojú tì mí.

Ẹlẹ́ja mi, ará Ìlàjẹ, ni mo fi ọgbọ́n bi léèrè, mi ò jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo fẹ́ lọ. Ó sọ̀rọ̀ abúlé kékeré kan tó kọjá Ayétòrò, ó ní ilé kan wà níbẹ̀ tó ń gba àwọn tó wá ra ẹja sùn. Mo ní ṣé ará Ìkálẹ̀ bíi tiwa ń dé ibẹ̀? Ó ní kí ni wọ́n fẹ́ wá ṣe níbẹ̀? Bí a ṣe mú ibẹ̀ nìyẹn.

A wọ ọkọ̀ dé Igbókòdá, a wọ ọkọ̀ ojú omi, a dé ilé náà, ilé onípákó tí wọ́n kọ́ sórí òpó. Ìyá onílé jáde pàdé wa, ara rẹ̀ yá mọ́ọ̀yàn. Ó ní, "Ẹ kú ewu omi o. Ìyá ta ni ká máa pè yín?"

Kí n tó la ẹnu, ọkọ mi ti dárúkọ ọmọ kan. Ó ní àkọ́bí wa nìyẹn, pé méjì ló tẹ̀ lé e, a fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá òun. Ìyá onílé ti gba ẹrù lọ́wọ́ mi: "Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, ẹ máa wọlé."

Nígbà tó ku àwa nìkan, mo gbá a láṣọ mú. Mo ní, "Ṣé orí yín pé báyìí?"

Ó ní, "A ò ní pẹ́ níbí. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n jẹ bàbá wọn fún ìwọ̀nba ìgbà tá a máa lò."

Mo fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Kí n má purọ́, èmi náà gbádùn ẹ̀. A ń rìn lórí yanrìn láàárọ̀, a ń jókòó lábẹ́ àgbọn, a ń jẹ púpurú àti ẹja tútù. Tí wọ́n bá pè mí ní ìyá ọmọ yẹn, màá ti dáhùn kí wọ́n tó pè é tán. Ọkọ mi ní tirẹ̀ ń fi kún un lójoojúmọ́: àkọ́bí mọ̀wé, èkejì ń tọ̀ sórí ẹní, àbíkẹ́yìn kì í gbọ́ràn rárá.

Ìyàwó ọmọ ìyá onílé wà nínú ilé náà, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń yan ẹja. "Ìyàwó" ni wọ́n ń pe òun náà. Ó yẹ kó ti yé mi, àmọ́ mò ń jayé orí mi.

Nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tá a máa padà sílé, ó tẹ̀ lé mi wọ yàrá, ó kúnlẹ̀. Ó ní kí n ṣàánú òun, kí n fún òun ní aṣọ kan tí mo ti fi pọn ọmọ, bó ti wù kó gbó tó. Lọ́dọ̀ tiwa náà, ẹni tó ń wá ọmọ a máa tọrọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ abiyamọ, á máa ró o sùn títí tirẹ̀ á fi dé. Èmi náà ti tọrọ rí. Mo mọ bó ṣe máa ń nira tó kéèyàn tó lè kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mi ò mọ ìgbà tí mo mú ìró kan nínú ẹrù mi tí mo nà án sí i. Ó gbà á, ó gbá a mọ́ àyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà: "Wọ́n á sin yín o. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sin yín." Mi ò lè ṣe àmín.

Mo ní, "Àbúrò mi, má ró aṣọ yẹn. Mi ò bímọ rí. Irọ́ la pa fún yín."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Ó wá wojú mi, ó dìde. Ó ká aṣọ náà dáadáa, ó gbé e lé orí ẹní, kò fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Bó ṣe ń jáde ló ń nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ara, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Ẹ̀rù ń bà á kí tèmi má ràn án. Wọn ò ṣe irú ẹ̀ lójú mi rí ní Òkìtìpupa, pẹ̀lú gbogbo ẹnu wọn.

Mo sáré jáde lọ bá ọkọ mi, kó má baà sọ̀rọ̀ mọ́. Ó jókòó ti bàbá onílé tó ń tún àwọ̀n ṣe, ó ń ròyìn bí àbíkẹ́yìn ṣe fa ìwé òun ya, ó sì ń rẹ́rìn-ín débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò lè dá a dúró. Mo jókòó. Mò ń gbọ́ ohùn ìyàwó náà wúyẹ́wúyẹ́ láti ilé ìdáná, lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ ní, "Háà!" Mo mọ̀ pé a ti tẹ́.

Ìyá onílé jáde wá. Ó wò mí títí. Ó wo ọkọ mi tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, tó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó fa àpótí kan, ó jókòó síwájú rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, àbíkẹ́yìn yín yẹn, ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀ já gaara?"

Ọkọ mi ní, "Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ìyá!"

Ó ní, "Ẹ máa sọ ọ́ fún wa."

Ọkọ mi sì ń sọ ọ́ lọ. Mo fa ìborùn mi bojú.