Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo ni Ràmọ́nì Lu Aro

Bí o bá dé Ìṣẹ́yìn tí o ní Ràmọ́nì Ládòkun lò ń wá, wọn yóò bi ọ́ pé Ràmọ́nì wo nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí o bá ní Baba Ẹ̀ẹ̀kan, kò sẹ́ni tí kò ní fi ilé hàn ọ́ ní àdúgbò Ẹkùnlé, wọn yóò sì rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó yí padà. Àwọn ahunṣọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ náà. Ará Ìṣẹ́yìn kì í kánjú gba ènìyàn gbọ́. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi yẹ ọ́ wò, ogójì ọdún gbáko ni wọ́n sì fi yẹ Ràmọ́nì wò.

Ohun tí ó ń sọ fún wọn ni pé òun ti bá ẹgbẹ́ olórin ńlá ti orílẹ̀-èdè ṣeré rí l'Ékòó. Wọn á ní, "Kí lo lù?" Á ní, "Aro." Wọn á ní, "Ẹ̀ẹ̀mélòó?" Á ní, "Ẹ̀ẹ̀kan." Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti máa ń bẹ́. Wàsíù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí òfì tirẹ̀ kọjú sí ti Ràmọ́nì, ló ń rín jù. Á ní, "Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Ràmọ́nì, tìẹ ti ju ogún ọdún lọ o. Ṣáà máa sáré."

Bẹ́ẹ̀, òtítọ́ ni. Ní ọdún 1983, Ràmọ́nì kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Òwú gbówó lórí, iṣẹ́ òfì dẹnu kọlẹ̀, baba rẹ̀ sì ní kí ó lọ wá nǹkan ṣe l'Ékòó. Iṣẹ́ títo àga ni ó rí, nínú gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ olórin náà ti ń ṣe ìdánrawò. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ wọn, àga mẹ́rin ni ó gbé dání, kò sì rántí sọ wọ́n kalẹ̀. Ọgọ́rin ènìyàn jókòó: àwọn ológòjé òyìnbó lápá òsì àti ọ̀tún, àwọn afọnfèrè lẹ́yìn wọn. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan na igi tẹ́ẹ́rẹ́ sókè, ó mú un wá sílẹ̀, gbogbo wọn sì mí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rù Ọlọ́run ló ba Ràmọ́nì. Kò mọ̀ pé ọmọ aráyé lè gbọ́ ara wọn yé tó bẹ́ẹ̀.

Olùdarí wọn, Ọ̀gá Gbádébọ̀, ti kọ orin kan tí wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀ sórí téèpù. Aro idẹ méjì wà nínú rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ìdérí ìkòkò ńlá, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọn yóò lù ú. Ẹni tó mú un dání gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́, kí ó máa ka ọwọ́ olùdarí bí ó ti ń wá sílẹ̀, títí yóò fi di igba ó lé méjìlá. Ìgbà náà ni yóò tó lù ú. Àìsàn dá ẹni tó ni iṣẹ́ náà dúbúlẹ̀. Wọ́n fi ẹni mẹ́ta rọ́pò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan yá jù, ọ̀kan pẹ́, ẹ̀kẹta tilẹ̀ gbàgbé pé òun mú nǹkan dání, ó la ẹnu sílẹ̀ tí ó ń gbádùn orin. Nígbà tí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, ohùn kan ta láti ẹ̀yìn àga: "Ó yá!" Ibi tó yẹ gẹ́lẹ́ ni.

Ọ̀gá Gbádébọ̀ yíjú padà. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, sà," ni Ràmọ́nì wí. "Ẹ dákun, ó já bọ́ lẹ́nu mi ni."

"Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ka orin?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà. Òwú là ń kà nílé wa. Bí ẹyọ kan bá sọnù nínú òwú tí a nà fún òfì, aṣọ bàjẹ́ nìyẹn. Ó ti mọ́ mi lára, mi ò mọ ìgbà tí mò ń kà á."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé aro náà lé Ràmọ́nì ato-àga lọ́wọ́. Ó kà, ó lù ú, wọ́n sì gbà á sílẹ̀ láìṣe àtúnṣe kankan. Lẹ́yìn ọdún méjì, baba rẹ̀ jáde láyé, ó sì di dandan kí ó padà sídìí òfì. Ọ̀gá Gbádébọ̀ fún un ní ẹ̀dà téèpù náà, èyí ńlá tí wọ́n ń wé mọ́ irin roboto. Ó ní, "Mú un lọ, kí wọ́n lè gbà ẹ́ gbọ́ nílé." Ọ̀gá kò mọ̀ pé láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí, kò sí ẹ̀rọ tí yóò kọ irú téèpù bẹ́ẹ̀.

Téèpù wà nílé, ẹ̀fẹ̀ wà níta. Kò mọ sí ara Ràmọ́nì nìkan. Ìyàwó rẹ̀ Àmọ̀kẹ́ ní aṣọ ẹtù kan tí Ràmọ́nì fúnra rẹ̀ hun fún un nígbà ìgbéyàwó wọn. Ọjọ́ kan tí ó ró o lọ síbi ìsọmọlórúkọ, obìnrin kan ní, "Ẹ wo aṣọ ìyàwó Ẹ̀ẹ̀kan! Ṣé òwú kan ṣoṣo náà ni wọ́n fi hun ún?" Wọ́n rín in títí. Àmọ̀kẹ́ délé, ó ká ẹtù náà, ó dì í, ó tì í sísàlẹ̀ àpótí. Kò ró o mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà, ṣáájú ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ni ewúrẹ́ ti wọ yàrá, tí ó fa téèpù náà tú, tí ó sì já a. Ràmọ́nì wà lóko iṣu. Ọmọ ahunṣọ ni Àmọ̀kẹ́, ohun tí ọmọ ahunṣọ ń ṣe sí òwú tó já ló ṣe sí i: ó gé ibi tó ti rún kúrò, ó ta kókó, ó sì fara balẹ̀ wé e padà. Nígbà tí Ràmọ́nì rí kókó náà, kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀rín pa á. "Àmọ̀kẹ́, o so orin ìjọba ní kókó!" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Gbémisọ́lá gúnlẹ̀ sí Ẹkùnlé. Òun ló ń kọ ìtàn ẹgbẹ́ olórin náà, ó sì ń ṣa gbogbo orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ jọ. Omi òjò ti ba púpọ̀ jẹ́ níbi tí wọ́n kó wọn sí, orin Ọ̀gá Gbádébọ̀ sì wà nínú èyí tó ṣègbé. Nínú ìwé àtijọ́ kan ni ó ti rí i kà pé: aro, R. Ládòkun, Ìṣẹ́yìn. Nígbà tí Ràmọ́nì gbé téèpù jáde, ọmọ náà kúnlẹ̀ kó tó gbà á. Gbígbẹ ilẹ̀ Òkè-Ògùn ti tọ́jú rẹ̀. Ìgbà tó débi kókó, ó káwọ́ lérí, lẹ́yìn náà ó rọra tú u, ó sì fi ìlẹ̀mọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ so ẹnu méjèèjì pọ̀.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, àgbàlá Ràmọ́nì kún fún àwọn tó fẹ́ gbọ́ téèpù náà. Wàsíù mú tẹ̀sùbáà rẹ̀ wá. Ó ní òun náà yóò máa ka orin náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa rẹ́ òun jẹ. Ràmọ́nì mọ̀ ọ́n lọ́kàn ara rẹ̀: Bí aro náà kò bá dún lónìí, Baba Ẹ̀ẹ̀kan onírọ́ ni wọn yóò sin.

Gbémisọ́lá tẹ ẹ̀rọ téèpù tí ó gbé wá. Àwọn ológòjé bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń gba orí ọkà bàbà kọjá. Fèrè wọlé tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń họ ara dáwọ́ dúró. Ẹnu ya gbogbo wọn, nítorí kò sẹ́ni tó gbọ́ irú rẹ̀ rí nínú wọn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí kò wọ̀ lára. Ràmọ́nì di ojú rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Orin ń ga, ó ń fẹ̀. Ó di igba. Ó di igba ó lé mẹ́wàá. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Orin ta kọ́ṣọ́ lójijì, ó fò lọ sí iwájú, aro kò dún.

Ọwọ́ Ràmọ́nì wà lókè bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan fi imú rẹ́rìn-ín, Wàsíù sì yí ojú burúkú sí ẹni náà. Lẹ́yìn ogójì ọdún, ẹ̀rín kò wá sí Wàsíù lẹ́nu.

"Ibi kókó yẹn ni, Bàbá," ni Gbémisọ́lá wí. Omi ti lé sójú rẹ̀. "Wọ́n ti gé e kúrò."

Àmọ̀kẹ́ dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Èmi ni mo gé e. Báwo ló ṣe gùn tó?"

"Bí ìgbọ̀nwọ́ kan, Màmá."

"Bàbá Waheedat, ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀," ni Àmọ̀kẹ́ wí fún ọkọ rẹ̀. "Nílé ahunṣọ wo ni wọ́n ti ń da àgékù òwú nù?"

Ó wọ yàrá lọ. Ó gbé ẹtù náà jáde bí ó ti dì í ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Ohun tí ó fi dì í jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì ń dán. Gbémisọ́lá kígbe. Ó tú u bí ẹni ń tú okùn ìwọ́ ọmọ, ó tẹ́ ẹ, ó fi ìka nà án, ó sì lẹ̀ ẹ́ padà sáàárín téèpù.

Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ràmọ́nì ń kà, tẹ̀sùbáà Wàsíù ń lọ, igba ó lé mẹ́wàá, igba ó lé mọ́kànlá. Aro dún. Ó bọ́ sórí gbogbo wọn bí àkọ́rọ̀ òjò tó já lu páànù ilé gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn fèrè sì gbé orin lọ sókè, sókè, títí tí Ràmọ́nì fi ń sunkún gbangba láìnu ojú rẹ̀.

Nígbà tí ó parí, Wàsíù gbé tẹ̀sùbáà sókè. Ìka rẹ̀ ṣì wà lórí ẹyọ tí ó dúró sí. "Mo kà á," ni ó wí. "Igba ó lé méjìlá. Subhaanallaahi! Ràmọ́nì, ó pé."

Gbémisọ́lá ní òun yóò mú téèpù náà lọ sí Èkó, títí kan ìgbọ̀nwọ́ kan yẹn. Ẹtù náà kò wá ní ohun tí wọ́n á fi dì í mọ́. Àmọ̀kẹ́ gbọ̀n ọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó ró o, ó sì gba iwájú gbogbo wọn jáde sí ìta.