Ìwé Lomé Kì í Ṣe Irọ́

Aago mẹ́rin ìdájí kọjá díẹ̀ ni mo jáde nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú àpò kan léjìká, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín nínú rẹ̀. Bàbá mi ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà dè mí. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ìró ẹsẹ̀ mi. "Àdùkẹ́, bí o bá rí i, fọwọ́ kàn án fún mi."

Ìwé ni. Bàbá bàbá mi, Jọ́sẹ́fù Oyèdélé, ṣiṣẹ́ káfíńtà ní Lomé, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé kan lédè Yorùbá nípa àìsàn ọmọ ọwọ́. Nígbà tí ó kú, ìyàwó rẹ̀ fi ìwé náà sí ilé ìkàwé kan níbẹ̀, ó sì gbé bàbá mi, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un, padà wálé. Láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó tún rí ìwé náà. Ní agboolé wa, bí ẹnikẹ́ni bá ń fọ́nnu nípa ohun tí a kò rí, wọn á ní, "Ìwé Lomé nìyẹn!" Àti kékeré ni bàbá mi ti ń gbọ́ ọ, á sì máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé kò dùn ún. Ó ń dùn ún.

Ọkọ̀ kan gbé mi dé Èkó, òmíràn gbé mi gba Sẹ̀mẹ̀ àti Kútọnu. Ní ẹnubodè Togo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tú àpò wa wò. Àwọn ará ìlú ń jà fún ìjọba tiwa-n-tiwa nígbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti yanṣẹ́ lódì. Awakọ̀ wa ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọjọ́rú la wà lónìí. Tó bá kọjá Sátidé, mi ò mọ̀ bóyá ẹnubodè yìí á ṣí o."

Ìsọ̀ kò ṣí ní Lomé, takisí kò sí. Alùpùpù tí wọ́n ń pè ní zémidjan ló gbé mi, wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni "gbé mi wàrà." Ọ̀kadà wa náà ni, àmọ́ orúkọ tiwọn yá ju tiwa lọ. Àdúgbò Nyékonakpoè ló gbé mi lọ, sọ́dọ̀ Màmá Ẹ̀bùn, ará ilé wa tí wọ́n bí síbẹ̀, tó ń ta aṣọ.

"Bonne arrivée, ọmọ mi! Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà nílé?" Ó gbé àblò àti ẹja díndín fún mi. Bí ẹ̀kọ ni àblò rí, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ó sì ládùn díẹ̀. Mẹ́rin ni ọgọ́rùn-ún sẹ́fà, owó tiwọn. Mo jẹ mẹ́fà.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú mi lọ sí ilé ìkàwé náà. Mùsíọ̀ Kojó, olùtọ́jú ìwé àtijọ́ níbẹ̀, wà lára àwọn tó yanṣẹ́ lódì, ṣùgbọ́n gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wá ṣí ìwé sí atẹ́gùn kí ikán má baà jẹ wọ́n. Èdè Mina ló fi ń sọ̀rọ̀, Màmá Ẹ̀bùn sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Ó ní ìjọba lòun ń bá jà, òun ò bá ìwé jà." Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà lójú ẹsẹ̀.

A yẹ káàdì orúkọ àwọn òǹkọ̀wé wò láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Kò sí Oyèdélé. Kò sí Jọ́sẹ́fù. Mùsíọ̀ Kojó mirí, omi sì lé sí mi lójú. Kí ni mo fẹ́ wí fún bàbá mi?

Màmá Ẹ̀bùn ní, "Àdùkẹ́, ta ló gbé ìwé ọ̀hún wá síbí?"

"Ìyàwó rẹ̀ ni, mà."

Ó pàtẹ́wọ́. "Attends, ẹ dúró ná, Mùsíọ̀ Kojó! Ìyàwó ilé Yorùbá wo ló máa la ẹnu pe orúkọ ọkọ ẹ̀ níwájú àlejò? Kí ni ìyá àgbà yín ń pe ọkọ wọn nílé?"

"Bàbá Dúró." Dúrójayé ni orúkọ bàbá mi.

Níbẹ̀ ló wà, nínú àwọn káàdì B: Baba Duro. Akọ̀wé ìgbà náà kọ ohun tí ìyá àgbà wa sọ fún un.

Mùsíọ̀ Kojó ní kí n fọwọ́, kí n nu ún gbẹ, kí n má fi ìka tó ní itọ́ ṣí ojú ìwé, kí n má sì mú báírò jáde. Lẹ́yìn náà ló tú aṣọ funfun tí wọ́n fi wé e. Orí mi wú! Bàbá bàbá mi kọ àìsàn ọmọ mẹ́ta tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọọjọ́: bí ara ṣe gbóná tó, ewé tí wọ́n sè, wákàtí tí ọmọ fi sùn. Ibi tí ewé kò bá ṣiṣẹ́, kò fi pa mọ́, ó kọ ọ́ pé, "Èyí kò ràn án lọ́wọ́." Káfíńtà ni o! Ọmọ kẹrin tó yè, tí ó kọ nípa rẹ̀ gbẹ̀yìn, ni bàbá mi.

Bí mo bá ní kò ṣe mí bíi kí n gbé e sá, irọ́ ni mo pa. Ṣùgbọ́n mo rántí ilé wa, níbi tí ikán ti jẹ férémù fèrèsé. Mo fi pẹ́ńsù ṣe àdàkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mùsíọ̀ Kojó tún wá ṣílẹ̀kùn fún mi ní Ẹtì, kì í sì í ṣe ọjọ́ rẹ̀. Ó ní kí Màmá Ẹ̀bùn bi mí bóyá kí òun pa orúkọ orí káàdì rẹ́.

Mo ní, "Ẹ kọ Jọ́sẹ́fù Oyèdélé sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má pa ti ìyá àgbà wa rẹ́."

Mo kọjá ẹnubodè láàárọ̀ Sátidé. Ìrìn àjò náà kọ́ mi pé iṣẹ́ àwọn bàbá wa kò sọnù tó bí a ṣe rò. Àwa ni a kò mọ orúkọ tí a ó fi béèrè rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà náà ni mo tún bá bàbá mi, mo ní mo rí i. "Orúkọ ta ni wọ́n kọ sí i?" ló kọ́kọ́ bi mí.

"Bàbá Dúró ni, sà."

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọwọ́ wo lo fi kàn án?" Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi sí i, ó sì dì í mú. Àlàó, ọmọ àbúrò bàbá bàbá mi, tó fẹ́ràn àwàdà agboolé wa náà jù nínú gbogbo wa, jókòó lódìkejì àgbàlá. Bàbá mi gbé ọwọ́ mi sókè, ó pariwo:

"Àlàó! Dìde níbẹ̀, wá bọ ìwé Lomé lọ́wọ́!"