Ọjọ́ Tí Mẹkáníìkì Lé Ọmọ Rẹ̀ Kúrò Nídìí Ọkọ̀

Ọwọ́-Kékeré ni àwọn oníbàárà ń pe ọmọbìnrin Mẹkáníìkì, nítorí ibi tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ò bá lè wọ̀ nínú ẹ́ńjìnì, tirẹ̀ á yọ́ wọbẹ̀, á sì tú nọ́ọ̀tì jáde. Ìyá rẹ̀ ti kú. Bàbá ló ń gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun náà ló dá aṣọ iṣẹ́ fún un bíi tirẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó ra yẹtí fọ́mọ, á ní, "Ṣé yẹtí ló ń tú táyà ni?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun á sì rín in jù wọ́n lọ. Ó gbà pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà títọ́ ọmọbìnrin. Ẹ ò rí ọgbọ́n agọ̀!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ náà dorí kodò sínú ẹ́ńjìnì, àwọn oníbàárà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn rẹ̀. Mẹkáníìkì gbójú sókè, ó rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn aṣọ iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin kan wúkọ́, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìtìjú bo Mẹkáníìkì, ló bá figbe ta.

"Kúrò níbẹ̀! Máa lọ sílé! Mi ò fẹ́ rí ẹ níbí mọ́!"

Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀. Ọmọ náà wo ẹ́ńjìnì, ó wo bàbá rẹ̀, ó rọra gbé sípánà sílẹ̀, ó sì lọ.

Nírọ̀lẹ́, Mẹkáníìkì lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ọmọ sá lọ bá. Ìyẹn dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ń bi mí pé kí lòun bà jẹ́ nínú ọkọ̀ yẹn. Mo ní kò ba nǹkan kan jẹ́, ó ti ń di obìnrin ni. Ìwọ àgbàlagbà yìí, o ò lè bọ́ ẹ̀wù ẹ kó o fi bo ọmọ?"

Mẹkáníìkì wo ara rẹ̀. Ẹ̀wù ọ̀hún ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó fẹ̀ tó láti bo ọmọ méjì. Ojú tì í ju ti ọ̀sán lọ, nítorí lọ́sàn-án, ó rò pé ọmọ ló dójú ti òun; ó wá rí i pé òun ló dójú ti ọmọ.

Ó wọlé lọ bá a. Ó ti to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu, àmọ́ kó tó lanu, ọmọ ti kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ n máa tẹ̀ lé yín lọ. Mi ò ní di obìnrin mọ́."