Ọkọ̀ Tí Ilé Ò Gbọ́

Bẹntiróò ni mo rà. Bàbá mi ní kí n ra píkọ́ọ̀pù tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, mo ní rárá, mo sì ra èyí tó ń lo bẹntiróò. Mo ń sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ báyìí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹlòmíràn ló tì mí. Orí kunkun ni, èmi ni mo sì ni ín.

Iṣẹ́ gààrí ni mò ń ṣe ní Ìwó. Mo máa ń ra ẹ̀gẹ́ lóko àwọn àgbẹ̀ ní Kuta àti Olúpọ̀nnà, nígbà mìíràn ní Ilé-Ogbó, tí n ó sì kó o wá sí ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá mi níbi tí ẹ̀rọ tí mo fi ń rin ín wà. Ẹ̀gẹ́ kì í gbọ́ àwáwí. Bí wọ́n bá ti wú u tán tí o kò rí ọkọ̀ kó o, kó tó di ọjọ́ kẹta inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Odidi ọdún kan ni mo fi ń gba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, píkọ́ọ̀pù àgbàlagbà kan tó ń jẹ dísẹ́ẹ̀lì, tó ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń mi òkúta nínú agolo. Awakọ̀ rẹ̀ lè sọ fún ọ pé òun ń bọ̀ láàárọ̀, kó dé lọ́sàn-án, kó sì tún máa bínú sí ọ. Mo fara dà á títí agbára mi fi ká a láti ra tèmi.

Awakọ̀ ni bàbá mi. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ pé awakọ̀ ni tẹ́lẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò lè gbọ́ “tẹ́lẹ̀” yẹn lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Lọ́ríì ló fi tọ́ wa. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, pákó, kò sí ohun tí kò fi kó rí ní gbogbo ọ̀nà oko yìí. Àìsàn ojú tó mú un kì í ro èèyàn, kì í pariwo, ó kàn ń jí ìmọ́lẹ̀ kó díẹ̀díẹ̀ ni. Nígbà tí a fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, dókítà ní èyí tó ti lọ ti lọ. Lẹ́yìn ọdún méjì, gbogbo rẹ̀ ti lọ.

Àtìgbà náà ló ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé láti ìyálẹ̀ta di ìrọ̀lẹ́. Etí ló fi ń wo òpópónà. Bí ọkọ̀ ńlá kan bá kọjá, á ní, “Ọ̀kan nínú nọ́sù tó ń fọ́n epo sí ẹ́ńjìnnì èyí ń jò, kí ẹnì kan sọ fún un.” Bí òmíràn bá kọjá, á ní ẹni tó wà á kò mọ ìgbà tó yẹ kó pààrọ̀ jíà. Àwọn ará àdúgbò á máa rẹ́rìn-ín, àwọn awakọ̀ mìíràn sì máa ń dúró béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì nìkan ló ń mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Ó ní tí bẹntiróò, bákan náà ni gbogbo wọn ń kùn, láti orí ọ̀kadà dé orí kẹ̀kẹ́ Márúwá, títí kan jẹnẹrétọ̀ ilé kejì.

Nígbà tí mo fẹ́ rà á, píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ méjì ló wà nílẹ̀, funfun làwọn méjèèjì. Ọ̀kan ń lo bẹntiróò, ọ̀kan ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Mo mú mẹkáníìkì mi dání lọ wò wọ́n. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì méjèèjì, ó fi àkísà nu ọwọ́, ó sì ní, “Àǹtí, bẹntiróò ni kẹ́ ẹ rà. Bí plọ́ọ̀gì ẹ̀ bá kú, n ó pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ̀kọ tán. Tí nọ́sù dísẹ́ẹ̀lì bá ti bàjẹ́, Ìbàdàn lẹ máa gbé e lọ. Ẹ̀gẹ́ yín á sì máa dúró dè yín.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Obìnrin tó ń wa píkọ́ọ̀pù kì í fẹ́ ohun tí yóò mú òun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá máa wí pé àwọn ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi tí mo rò fún un. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Kékeré, tí òun àti àwa jọ ń gbé, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń ṣa ẹ̀wà.

Bàbá mi ní, “Dísẹ́ẹ̀lì ni kí o rà.”

Mo ní, “Kí ló dé, Bàbá?”

“Dísẹ́ẹ̀lì ló ń gbẹ́rù. Bẹntiróò, tó bá ti rí òkè pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ.”

Mo ní kò sí òkè gidi kan láàárín Kuta sí Ìwó. Ó ní ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì máa ń pẹ́ láyé. Mo ní èyí tí mo fẹ́ rà náà kò tíì gbó. Ó ní bẹntiróò ń jẹ epo ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní epo dísẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ti wọ́n ju bẹntiróò lọ, ẹni tó ń sá fún òjò kò gbọdọ̀ kó sí odò. Bí ó ṣe ń mú ọ̀rọ̀ kan wá ni mo ń dá a lóhùn. Inú mi tilẹ̀ ń dùn, kí n má purọ́. Mo rò pé iyàn la ń jà, mo sì ń borí.

Lẹ́yìn náà ó ní, “Ọmọ mi, ọkọ̀ tí ilé ò bá gbọ́, ilé ò lè mọ̀ pé ó ti dé.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Bàbá, fèrè ń bẹ lára ẹ̀ o.”

Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Ó dáa. Ìwọ lo máa wà á.”

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Àbọ̀ tí bàbá mi sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà dé inú mi, àbọ̀ ló sì wà níbẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé òun fẹ́ máa gbọ́ bí mo bá ń dé. Ojú ti lọ, etí nìkan ló kù tó lè fi rí mi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti gbé odidi ilé kan ró, ṣé ó máa wá bẹ ọmọ rẹ̀ pé, “Jọ̀ọ́, ra ọkọ̀ tó ń pariwo nítorí tèmi”? Ó fi ọ̀rọ̀ òkè àti ọ̀rọ̀ epo bò ó, èmi náà sì jókòó ti ọ̀rọ̀ òkè àti ọ̀rọ̀ epo, mò ń jiyàn.

Kò sì yẹ kó ṣòro fún mi láti mọ̀. Inú ilé yẹn la bí mi sí. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí lọ́ríì bàbá mi bá ti dé kọ́ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lókè òpópónà wa ni ìyá mi ti máa ń gbọ́ ọ nínú ilé. Ohun yòówù kó máa ṣe, á fi sílẹ̀, á gbé omi ìwẹ̀ kaná. Kí bàbá mi tó já ẹrù, kó tó kí gbogbo ẹni tó yẹ kó kí, omi ti gbóná. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi kú. N kò gbọ́ kí àwọn méjèèjì sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ síra wọn lójú wa rí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí omi yẹn túmọ̀ sí.

Mo ra bẹntiróò. Mẹkáníìkì ò parọ́ fún mi. Títí di òní, píkọ́ọ̀pù náà kò já mi kulẹ̀ rí, bí mo bá ṣáná sí i lẹ́ẹ̀kan, á dìde. Èyí gan-an ló ń dùn mí, nítorí kò sí ẹ̀sùn tí mo lè fi kàn án.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mo ń fọn fèrè bí mo bá dé kọ́ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ta ni kì í fọn fèrè ní Ìwó? Ọ̀kadà ń fọn, kẹ̀kẹ́ ń fọn, oníbúrẹ́dì ń fọn. Ó wá dà bíi fáàrí lójú ara mi, mo ṣíwọ́. Bí mo bá dé, tí mo kúnlẹ̀ kí bàbá mi, á ta gìrì lórí bẹ́ǹṣì.

“Ta nì yẹn?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“O ti dé? N ò gbọ́ ọ.”

Nígbà tó ń sọ ọ́ lemọ́lemọ́, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Lójú tèmi, ó ń fi yé mi pé mo ṣe ohun tí òun ò fẹ́. Lọ́jọ́ kan tó ti rẹ̀ mí, mo dá a lóhùn pé, “Bàbá, mo ti kí yín láti ẹ̀ẹ̀kan!” Irọ́ ni. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lanu. Ó ní kí n má bínú.

Ọ̀rọ̀ omi náà tún wà níbẹ̀. Ní ọdún tí mo fi ń gba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, omi gbígbóná ni mo máa ń bá nílẹ̀. Eruku oko àti oje ẹ̀gẹ́ kì í bọ́ lára pẹ̀lú omi tútù. Màmá Kékeré ni mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á sì ní kò tó ọpẹ́. Nígbà tí mo ra tèmi, omi gbígbóná dópin. Mo fara dà á fún oṣù kan, n kò wá lè pa á mọ́ra mọ́. Mo ní, “Màmá Kékeré, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Omi tútù ni mò ń wẹ̀ lójoojúmọ́.”

Ó wo ibi tí bàbá mi jókòó sí. Ó ní, “Má bínú, ọmọ mi. A ò mọ̀ pé o ti ń bọ̀ ni.”

Bàbá mi gbọ́ wa. Ó kàn ń fi ọwọ́ pa ọ̀pá rẹ̀. Bí mo bá rántí ọwọ́ yẹn lórí ọ̀pá, ojú máa ń tì mí ju bí mo ṣe lè kọ lọ.

Nígbà òjò tó tẹ̀ lé e ni àìsàn dá a gúnlẹ̀. Àyà ni. Nọ́ọ̀sì kan ń wá ilé wò ó láràárọ̀, ó ní ọjọ́ orí ti lọ́wọ́ sí i. A kò lè gbé e jáde sórí bẹ́ǹṣì mọ́, a wá gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí òpópónà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi lọ sóko. Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, àgbẹ̀ kan ní Olúpọ̀nnà ti wú ẹ̀gẹ́ mi sílẹ̀ láti ìjẹta, ó ń pè mí lórí fóònù. Mo sọ fún bàbá mi pé mò ń lọ, n ò ní pẹ́.

Ó ní, “Rọra wakọ̀. Ọ̀nà ń yọ̀.”

Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo padà dé, èmi àti àwọn obìnrin méjì tó ń bá mi bó ẹ̀gẹ́. Ní kọ́ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo rò ó pé ó ṣeé ṣe kí bàbá mi máa sùn. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dé ilé wa. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí bọ̀ fúnra rẹ̀ títí ó fi wọ ẹ̀yìnkùlé. Mo tilẹ̀ sọ fún àwọn obìnrin náà pé, “Ẹ ò rí i bí ọkọ̀ mi ṣe dákẹ́? Ẹ rọra já a o, Bàbá ń sùn.” A bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń gbé ẹyin.

Bàbá mi ò sùn. Màmá Kékeré ló sọ fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní láti bí aago mẹ́ta ni Bàbá ti ń béèrè pé, “Ṣé kò tíì dé?” Òun á wo ojú fèrèsé, òun ò ní rí nǹkan kan, òun á ní, “Kò tíì dé, Ẹ̀gbọ́n mi.” Lẹ́yìn náà Bàbá ní, “Dákẹ́, fetí sílẹ̀, bóyá a lè gbọ́ ọkọ̀.” Àwọn méjèèjì fetí sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ni wọ́n ń gbọ́. Nígbà tó ṣe, Bàbá ní, “N ò gbọ́ ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yìí. Lọ gbé omi kaná dè é, kó má tún wẹ omi tútù.”

Màmá Kékeré bọ́ sí ilé ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, níbi tí èèyàn kò ti lè rí ẹ̀yìnkùlé, ó dá iná, ó gbé omi ka orí rẹ̀. Nígbà tó padà dé inú yàrá, bàbá mi ti lọ.

Ẹ̀yìnkùlé ló gbà jáde, ó ń ké. Ibẹ̀ ló ti bá mi pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Ó dúró, ó wò mí, ó wo píkọ́ọ̀pù tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo tán.

Ó ní, “O ti dé? Mo sì ń sọ fún un pé o ò tíì dé.”

Mo sáré wọlé, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ń sọ fún un pé mo ti dé, Bàbá, mo ti dé tipẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì gbóná.

Ìgbà yẹn ni Màmá Kékeré wá là á fún mi. Òun kọ́ ló ń rántí omi lọ́dún tí mò ń gba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Bàbá mi ni. Kọ́ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló ti máa ń gbọ́ ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì yẹn, bí ìyá mi ṣe máa ń gbọ́ tirẹ̀, á sì fi ọ̀pá kan ilẹ̀ pé, “Gbé omi kaná, ó ń bọ̀.” Bàbá máa ń sọ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún òun nínú ilé nìyẹn, ó sì ti kìlọ̀ fún Màmá Kékeré pé kó má sọ fún mi.

Omi náà ti ń hó nígbà tí a jáde dé ilé ìdáná. Mo fẹ́ dà á nù, Màmá Kékeré dì mí lọ́wọ́ mú. A bu omi tútù là á, a sì gbé e wọ yàrá. Òun la fi wẹ bàbá mi kí wọ́n tó wá gbé e lọ.