Ta Ló Ń Jẹ́ Jola Daddy?

Ọ̀rẹ́ mi Olúdáre Ajíbóyè kú ní Euless, lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí ìwé ìròyìn Trinity Courier, ẹ ò ní rí Olúdáre níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní ó kú ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ “Jola Daddy.”

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ó dáa, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Òkú náà ì bá rẹ́rìn-ín jù yín lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ló pè wọ́n láti kéde ikú ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní kí lorúkọ olóògbé. Ìyá Jọlá, ọmọ Ìsẹ́yìn tí wọ́n kọ́ nílé dáadáa, kò pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ rí látọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ. Ó ní, “Daddy Jọlá ni.” Wọ́n yí i padà sí “Jola Daddy,” wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ló bá di pé àwọn èèyàn ń gbé òdòdó lọ sí ọsibítù tí Jọlá ti ń ṣiṣẹ́ ní Allen, wọ́n ní Jọlá ti kú. Jọlá, ọmọ wọn, nọ́ọ̀sì tó wà láàyè, tó ń jẹun!

“Mummy, calm down, I'm fine,” lọmọ ń wí.

“Fine kẹ̀? Ta ló ń fi ẹnu pa ọmọ mi?”

Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí Olúdáre ṣe ní Courier? Òun ló ń yẹ orúkọ àwọn òkú wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́! Á pe opó tó ń sunkún, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, Katherine yín, K ni àbí C?” Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, mo ń pè é ní Akọ̀wé Ọ̀run.

Nígbà yẹn, ìdílé tó dá ìwé ìròyìn náà sílẹ̀ ló ṣì ni ín. Bàbá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọmọ gbà á, ọmọ-ọmọ gbà á. Èyí tó kàn fẹ́ràn gọ́ọ̀fù ju ìròyìn lọ, ó bá tà á fún ilé iṣẹ́ kan tí ò mọ ọ̀nà Dallas. Àwọn yẹn ta ilé olókùúta tó wà ní downtown, wọ́n kó ẹrù lọ sí yàrá kan ní Irving, wọ́n ní ẹ̀rọ ni yóò máa yẹ orúkọ wò. Wọ́n ní kí Olúdáre máa lọ sílé. Ẹ̀rọ ọ̀hún ló bí Jola Daddy.

Mo jókòó ti Ìyá Jọlá nígbà tó pè wọ́n padà. Òṣìṣẹ́ wọn kan tó ń jẹ́ Sharon ló gbé fóònù, ohùn rẹ̀ sì tutù. “Ma'am, a ò ní ẹni tó ń ṣàtúnṣe mọ́. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣe é ti lọ.”

“Ọkọ mi ni.”

A gbọ́ bí Sharon ṣe ń wá bíró lórí tábìlì.

“Kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ mi.” Ìyá Jọlá mí kanlẹ̀. “Olúdáre. Olúdáre Ajíbóyè.” Ó fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. “Daddy Jọlá, ẹ má bínú.” Mo sunkún, mi ò purọ́.

Títí di òní, Jola Daddy ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ ra Courier, ẹ sọ ẹni tó pàṣẹ pé òkú ò nílò ẹni tí yóò yẹ orúkọ wọn wò. Kẹ́ ẹ sì tẹ orúkọ ọkùnrin náà síbi tẹ́ ẹ tẹ àṣìṣe yín sí. Opó ti pe orúkọ ọkọ rẹ̀ nítorí yín. Kí ló ń di ẹ̀yin lẹ́nu?