Irùngbọ̀n Ajá Àlááji

Láràárọ̀, bí Àlááji tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ilé ní GRA bá ti ya irùngbọ̀n tirẹ̀ tán, á mú òòyà mìíràn, á ya ti ajá tó ń bá a da àgùntàn.

Àlejò á ní, "Àlááji, irùngbọ̀n ajá yín mà gùn ju tèmi lọ!"

"Ilà ìdílé rẹ̀ nìyẹn. Àgùntàn ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ń dà nílùú òyìnbó."

Nígbà tí Àlááji wà ní ọsibítù, èèmọ́ lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n náà, mo bá gé e kúrò.

Ó dé, ó di àgbọ̀n ajá náà mú.

"Ta ló gé e?"

Mò ń wo ilẹ̀.

"Ó dáa. Á hù."

Ní ọjọ́ kẹta, Àlááji kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ rò pé bàbá wọn ló gé irùngbọ̀n ajá náà. Mi ò tíì sọ òótọ́ fún wọn.