Ipa Táyà Lẹ́bàá Ìsun Omi

Nígbà tí orúnkún ẹṣin Gavrilă daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn òjò dídì, kì í ṣe ẹsẹ̀ tí yóò máa fi rìn ló dun ọkùnrin náà. Ohun tó dùn ún ni pé Onița, ìyàwó rẹ̀, kò ní rí ẹṣin gùn lọ sí àgọ́ àgùntàn lórí òkè láti gba ìpín wàrà wọn, ẹnì kan ṣoṣo tó sì lè gbé e lọ ni Savu.

Aládùúgbò wọn ni Savu, àpọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ítálì dé. Alùpùpù onítáyà mẹ́rin ló gbé wálé. Ewúrẹ́ ni gbogbo abúlé ń pe alùpùpù náà, nítorí bó ṣe máa ń gun òkúta. Savu ti ṣàlàyé rẹ̀ nílé ọtí títí ó fi sú wọn: bọ́tìnnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò ọ̀tún, bí o bá fi sí méjì, táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí, bí o bá fi sí mẹ́rin, tiwájú náà á máa fà. Méjì fún ọ̀nà líle, mẹ́rin fún ẹrọ̀fọ̀.

Gavrilă gbọ́, kò sì gbàgbé. Ọmọ awakẹ̀kẹ́-màlúù ni. Ọ̀rọ̀ kan tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló fi ń ṣọ́ igi ìdáná, ṣúgà àti fìtílà nínú ilé rẹ̀: ẹni tó bá fi màlúù mẹ́rin fa ohun tí méjì lè fà, yóò tọrọ koríko kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Toader, tó ń ta pálíńkà, ọtí líle tí wọ́n fi èso ṣe, nílé ọtí, ló kọ́kọ́ koná mọ́ ọn.

“Gavrilă,” ó ní, ó ń nu ife, “mo rí ìyàwó ẹ lónìí. Ẹ̀rín tó ń rín lórí Ewúrẹ́ yẹn, ṣé ó máa ń rín in nílé?”

“Wàrà ló lọ gbà.”

“Mo mọ̀. Wàrà á dùn mọ́ èmi náà tí mo bá rí irú ẹ̀yìn yẹn dì mọ́.”

Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Gavrilă náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó mu tirẹ̀ tán, ó jáde, ṣùgbọ́n ọ̀nà òkè ló gbà dípò ọ̀nà ilé.

Ẹni tó ti ń da àgùntàn láti kékeré mọ ipa ẹsẹ̀ kà. Níbi tí ọ̀nà ti yí lẹ́bàá ìsun omi, tí ilẹ̀ ti jẹ́ amọ̀, ó lóṣòó. Ipa táyà iwájú mọ́ roro, bí àmì tí wọ́n tẹ̀ sára wàràkàṣì. Ti ẹ̀yìn ti ha ilẹ̀ kiri, ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, bí ìrù ẹja. Méjì. Nínú ẹrọ̀fọ̀ báyìí, méjì ni Savu fi í sí. Kí ló lè mú kí ọkùnrin tó mọ ọkọ̀ rẹ̀ dáadáa ṣe bẹ́ẹ̀? Bí ìdí Ewúrẹ́ bá ń yọ̀ kiri, obìnrin tó wà lẹ́yìn yóò di ẹni iwájú mú. Yóò dì í mú gírígírí.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Nígbà tí Onița bá sá gèlè rẹ̀ sórí okùn, yóò lọ gbóòórùn rẹ̀. Bẹntiróòlù ló ń rùn. Kí ni ì bá tún máa rùn? Síbẹ̀, ó tún padà lọ gbóòórùn rẹ̀. Ó bi í léèrè ìdí tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi le, ìyàwó ní ọwọ́ garawa wàrà ni. Ó wò ó pé ó yára dáhùn jù.

Ní Sátidé, ó mú ọ̀pá darandaran rẹ̀, ó ṣáájú wọn, ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi firi lẹ́bàá ìsun omi.

Ewúrẹ́ ń bọ̀. Onița ló wà níwájú, tó di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Savu wà lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá irin ẹrù mú, ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí wọ́n ń gbé lọ yọ eyín. Wọ́n dé inú amọ̀, ìdí ọkọ̀ yọ̀, táyà ń yí lórí asán, wọ́n há.

“Ìyá Ilinca, ẹ tú gáàsì sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì,” Savu ń sọ, ó ń fi orúkọ ọmọ Onița pè é. “Ẹ jẹ́ kó dúró ná. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fẹ́ sọ ọ́?”

Gavrilă jáde síta. Ọ̀pá ni Savu kọ́kọ́ rí, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀, ó kí ẹ̀gbọ́n kú ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Gavrilă ti tò sẹ́nu, fún obìnrin tó jókòó sẹ́yìn ni. Kò ní ìkankan fún èyí tó jókòó síwájú.

Onița kò dúró kó rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní òun ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa Ewúrẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń gé koríko, kí òun lè máa yá a lọ gba wàrà fúnra òun, láìjẹ́ ẹrù ọkùnrin kankan. Wàràkàṣì kan ni òun fi san owó ẹ̀kọ́. Òun kò sọ fún un, nítorí òun mọ̀ pé yóò ní òun yóò fọ́ ọ, bó ṣe ní òun yóò pa ẹṣin lára.

Ohun tó ti ń jẹ Gavrilă lọ́kàn ló jáde lẹ́nu rẹ̀. “Kí ló dé tó o fi sí méjì nínú irú amọ̀ yìí?”

Ìyàwó wò ó. “Ìwọ kọ́ lò ń sọ ọ́ sí mi létí látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ? Pé kí n má fi màlúù mẹ́rin fa ohun tí méjì lè fà. Epo ni mò ń ṣọ́.”

Savu kọjú sí igi, èjìká rẹ̀ ń mì.

Gavrilă tún wo ilẹ̀. Ó ti ka ipa náà dáadáa; ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣì kà. Baba rẹ̀ tún ní ọ̀rọ̀ mìíràn, èyí tí Gavrilă kò mú délé rí, nítorí kì í dín ìnáwó kù.

“Ẹsẹ̀ òkè la ti ń so màlúù àfikún mọ́ kẹ̀kẹ́,” ó ní. “A kì í dúró dìgbà tó bá há.”

“O ò sọ ìyẹn fún mi rí.”

“Mi ò sọ ọ́ rí.”

Savu ní òun yóò fẹsẹ̀ rìn, pé ìdí òun nílò ìsinmi. Gavrilă gun ẹ̀yìn.

“Di irin mú,” Onița ní. “Ibẹ̀ ni Savu ń dì mú.”

Ó wo irin náà. Ọ̀dà ti bó ní ojú méjì, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́. Inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìbàdí ìyàwó rẹ̀ ló dì mú. Onița tú gáàsì sílẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, Ewúrẹ́ kó ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ó gùn jáde. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí Toader sọ. Gavrilă rí i pé kì í ṣe ti Savu. Kì í ṣe ti òun náà. Ìyẹn tún dùn ún lọ́tọ̀, bí òkúta kékeré nínú bàtà.

Nígbà tí wọ́n dé orí ilẹ̀ líle, kò sẹ́ni tó sọ fún Onița, ó dá bọ́tìnnì padà sí méjì. Ọkọ̀ kò mì mọ́, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti di ẹnikẹ́ni mú. Gavrilă kò tú ọwọ́ rẹ̀.